Orin inú ẹ̀rọ: lórí "àdàkọ", "adárin" àti "ahunrin"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú làálàá èdè o.

Àbá tó wà nílẹ̀ lórí bá a ṣe máa sọ̀rọ̀ orin inú ẹ̀rọ lédè Yorùbá ni pé ká máa pe gbogbo orin tí wọ́n fi ohùn ẹlòmíì tò nínú ẹ̀rọ ní "orin àdàkọ". Èmi ò fara mọ́ ọn. Bí èèyàn bá ti gbọ́ àdàkọ, ẹjọ́ ti dá nìyẹn: olè ni ẹni náà, tàbí ọ̀lẹ.

Ẹ wo ohun tí Steve Reich, olórin ará Amẹ́ríkà, ṣe ní 1965 nínú orin rẹ̀ It's Gonna Rain. Ó gba ohùn oníwàásù kan tó ń sọ ìtàn Nóà sílẹ̀ nígboro San Francisco. Ó gé "òjò á rọ̀" níbẹ̀, ó fi í sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ méjì tó ń yí i lọ, tó ń yí i bọ̀. Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, àmọ́ eré wọn ò dọ́gba. Díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan ń yọ́ ṣíwájú èkejì. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń gun ara wọn, tí ìlù tẹ́nikẹ́ni ò lù ń dún níbẹ̀. Oníwàásù ló ni ohùn. Reich ló ni ìhun. Ta ló sì ń bi onírárà léèrè pé ìlà ta nìyẹn? Ibi tó gbé e sí la fi ń mọ ọ̀gá. "Àtúnhun" ni kí ẹ jẹ́ ká pe irú èyí.

"Adárin" tí wọ́n dábàá fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ṣe orin kò lè ṣiṣẹ́. Adárin ló ń lé, elégbè ń gbè é. Ní 1957, Lejaren Hiller àti Leonard Isaacson fi kọ̀ǹpútà Yunifásítì Illinois ṣe orin kan, Illiac Suite. Ẹ̀rọ ń yọ nọ́ńbà bí ìgbà téèyàn ń ṣẹ́ kèké, èyí tó bá rú òfin tí wọ́n kọ fún un, ó di dídànù. Èyí tó kù ni wọ́n kọ fún èèyàn mẹ́rin tó ń ta fayolíìnì àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ta ló dárin níbẹ̀?

"Ahunrin" ni tèmi. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín: ahun wo, ti ìjàpá àbí ti ẹni tí kì í náwó? Àmọ́ ahunṣọ ti wà tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń fi pe ìjàpá.

Èyí tó kù mí kù ni orúkọ gbólóhùn tí wọ́n gé, bíi "òjò á rọ̀" ti Reich yẹn. "Àgékù" ò bá a mu, torí ohun tó ṣẹ́ kù ni àgékù, kì í ṣe èyí tá a mú lò. Ẹni tó bá ní i, ẹ jẹ́ ká gbọ́.