Ìyá wa ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà: ta ni ó yẹ kó máa yàn fún wọn?

Ọmọ Ajílété, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú ilé o. Oṣù kẹta rèé tí ìyá wa, ẹni ọdún 81, ti wà ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan, nítorí pé rọpárọsẹ̀ mú wọn lẹ́sẹ̀ kan, apá wa nílé kò sì ká a mọ́. N kò ní purọ́, ilé náà mọ́ tónítóní, oúnjẹ sì ń dé lásìkò. Ṣùgbọ́n ìyá tó ta láfún fún ogójì ọdún, tí wọ́n máa ń wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, aago mẹ́wàá ni àwọn òṣìṣẹ́ ń wẹ̀ fún wọn báyìí, tí ilẹ̀kùn á sì wà ní ṣíṣí gbayawu. Wọ́n ti gba orín lọ́wọ́ wọn, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. "Màmá yàrá kẹrin" ni wọ́n ń pè wọ́n. Báwo ni mo ṣe lè sọ ọ́ tí kò ní dìjà, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní fi gbẹ̀san lára wọn?

Ará Ṣábó
Ẹ rọra o. Òṣìṣẹ́ méjì kò lè wẹ àgbàlagbà mẹ́sàn-án ní ìdájí.

Nọ́ọ̀sì Àná, Ọ̀yọ́
Òótọ́ ni pé ọwọ́ wọn kò tó, ṣùgbọ́n èló ni wọ́n ń ná sórí kí èèyàn ti ilẹ̀kùn? Nínú ìlànà 18 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé là sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà lọ́dún 1991, ó wà níbẹ̀ kedere pé ẹni tó ń gbé ní ilé ìtọ́jú ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀wọ̀, sí àṣírí ara rẹ̀, àti láti pinnu bí wọn yóò ṣe tọ́jú òun. Ẹ bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, kí ẹ kọ ohun tí ìyá fẹ́ sórí bébà tí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lálẹ́ náà yóò lè kà. Àmọ́ ṣé ẹ ti bi ìyá fúnra wọn? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwa ọmọ náà máa ń yàn fún wọn.

Ọmọ Ajílété, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ ṣeun, mà. Mo bi wọ́n lánàá, ojú sì tì mí díẹ̀. Wọ́n ní búrọ́ọ̀ṣì kò dun àwọn, pé ó rọ eyín àwọn lọ́rùn ju orín lọ. Kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n máa pe àwọn ní Ìyá Oníláfún bí gbogbo ọjà ṣe ń pè é, kí wọ́n sì gbé àga àwọn sí ibi tí àwọn yóò ti máa rí títì. Ọ̀gá náà ti gbé àga ọ̀hún síwájú fèrèsé láàárọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ló kù.