Ta ló ti fi kọ̀ǹpútà kọ́ àròkọ ní kíláàsì rí? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Ọ̀yọ́: Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa kó èrò jọ lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó kọ àròkọ, kí wọ́n sì máa yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, báwo ló ṣe rí?

Tíṣà SS2: Iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá o.

Àbíkẹ́: Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ni tiwa, àgbà pọ̀ níbẹ̀. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì wà láàárín wa. Tí wọ́n bá ti ka àròkọ wọn tán, "Ó dáa, sà" ni gbogbo wa máa ń wí. Ta ló fẹ́ sọ lójú bàbá pé ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ti gùn jù? Ìgbà tí olùkọ́ gbé e sórí Google Docs, ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa lè jọ kọ nǹkan sí, ọmọ tó kéré jù nínú wa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìtàn ọjà yìí ló dùn jù, ẹ ò ṣe fi í bẹ̀rẹ̀?" Bàbá gbé e wá sókè lóòótọ́! Inú mi dùn dé ẹ̀yìn.

Ọmọ Ọ̀yọ́: Ṣé orúkọ yín ń hàn?

Àbíkẹ́: Ó ń hàn.

Arẹ̀mọ: Ẹ bò ó! Bí orúkọ bá hàn, àwọn onítìjú ò ní sọ nǹkan kan.

Ìyá Olùkọ́: Mi ò gbà rárá. A bo orúkọ nílé ìwé wa, èébú ló gba ibẹ̀ kan. Ọmọbìnrin kan ò fi iṣẹ́ ẹ̀ hàn ẹnikẹ́ni mọ́ títí táàmù fi parí. Ó ṣì ń dùn mí.

Arẹ̀mọ: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ bò ó nígbà tí wọ́n bá ń kó èrò jọ nìkan. Tó bá di àyẹ̀wò, kí oníkálukú fi orúkọ sí i.

Ìyá Olùkọ́: Ìyẹn yé mi.

Bàbá Lékan: Ìwé la máa ń pààrọ̀ láyé tiwa, a sì mọ àròkọ kọ.

Akọ́mọlédè: Bàbá, ìwé ò lè ṣe gbogbo ẹ̀. Lọ́dún 1985, ní Gallaudet, yunifásítì àwọn adití ní Washington, olùkọ́ kan níbẹ̀, Trent Batson, so kọ̀ǹpútà pọ̀ nínú kíláàsì, káwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa fi Gẹ̀ẹ́sì kíkọ bá ara wọn fọ̀rọ̀ wérọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bàbá Lékan: Ti àwọn adití yẹn wọ̀ mí lọ́kàn.

Tíṣà SS2: Àmì ohùn ńkọ́? Àròkọ Yorùbá la kọ, àmì ni gbogbo wọn ń tún ṣe fúnra wọn, kò sẹ́ni tó ka ìtàn!

Akọ́mọlédè: Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi òǹkọ̀wé ní ìbéèrè kan nípa ìtàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó fọwọ́ kan àmì.