Ẹ gbà mí o, “This plugin is not supported” ni kọ̀ǹpútà ilé wa ń kọ

Ìyá Tòmíwá:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló sú mi tí mo fi gbé e wá síbí, kí n má baà fi ìbínú fọ́ kọ̀ǹpútà yìí.

Àwo CD kan wà nílé tí Tòmíwá fi kọ́ òǹkà àti lẹ́tà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Gémù mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Ní 2015, Firefox la fi ń ṣí i, kò sì fún wa ní wàhálà kankan. Àbúrò rẹ̀ ti wá tó ọdún márùn-ún báyìí, mo ní kí òun náà jẹ nínú rẹ̀. Mo kó ohun tó wà nínú CD sínú fódà kan, mo tẹ fáìlì index lẹ́ẹ̀mejì, Chrome ṣí i. Àkọlé yọ, àwòrán ẹ̀gbẹ́ yọ, àmọ́ àárín gan-an tó yẹ kí gémù wà, àpótí aláwọ̀ eérú kan ló gbabẹ̀, wọ́n kọ “This plugin is not supported” sí i. Mo gbìyànjú Edge, mo gbìyànjú Firefox, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ni mo bá ń wá ohun tí ń jẹ́ plug-in kiri. Mo rí ibì kan tí wọ́n kọ “Update Flash Player” sí gàdàgbà, mo gbà á wálẹ̀, mo ń tẹ Next títí ó fi parí. Gémù kò ṣí. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá fẹ́ wá nǹkan, ojú-ewé tí n kò mọ̀ rí ló ń gbé mi lọ, ìkìlọ̀ sì ń yọ lemọ́lemọ́ nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún pé fáírọ́ọ̀sì 5 ti wọ kọ̀ǹpútà mi. Tòmíwá ní èmi ni mo bà á jẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Windows 11 ni.

Bọ̀dá Láńre:
Ẹ má dá Tòmíwá lóhùn, mà. Ọ̀rọ̀ méjì ló lọ́ mọ́ra níbí, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti gémù, ẹ̀yin kọ́ lẹ bà á jẹ́. Ti ìkìlọ̀ tó ń yọ, ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn fún un, ẹ má bínú.

Ó dá mi lójú pé Flash, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe gémù àti àwòrán tó ń rìn nígbà kan, ni wọ́n fi ṣe gémù yẹn. Láyé ìgbà náà, bùráúsà (irú Chrome, Edge àti Firefox) kò lè dá gbé gémù tàbí fídíò jáde, ó ní láti bẹ ẹlòmíràn lọ́wẹ̀. Ẹni tí bùráúsà ń bẹ̀ lọ́wẹ̀ yẹn ni plug-in. Ọ̀dọ̀ Netscape, bùráúsà àtijọ́ kan, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1995, ọ̀nà tí wọ́n là yẹn sì ni Flash, Java àti Silverlight gbà wọlé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé plug-in kì í jókòó sí pálọ̀ bí àlejò. Yàrá ló ń wọ̀, ó ń ṣí àpótí, ohun tí ẹ̀yin alára lè ṣe lórí kọ̀ǹpútà yín ni òun náà lè ṣe. Àwọn olè wá rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló rọrùn jù láti fara pamọ́ sí wọlé. Bí àwọn tó ni bùráúsà ṣe ti ilẹ̀kùn nìyẹn. Chrome tì í ní oṣù kẹsàn-án 2015, Flash tó gbé sínú ara rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù. Firefox náà tì í ní oṣù kẹta 2017, ó fi Flash nìkan sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2020, Adobe tó ni Flash fúnra rẹ̀ jáwọ́.

Nítorí náà kò sí plug-in kankan tó sọnù lọ́wọ́ yín. Ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀ ni wọ́n ti dí. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá “update” Flash lónìí, ẹ sá fún un.

Ẹ kọ́kọ́ gbálẹ̀ ilé ná. Ẹ lọ sí Settings, Apps, Installed apps, ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe wọlé tẹ̀lé ara wọn, ẹ ó rí ohun tó wọlé lọ́jọ́ tí ẹ gba ayédèrú yẹn. Ẹ yọ ọ́ dànù. Ẹ wo Extensions nínú Chrome, ìyẹn àwọn àfikún kékeré tí a ń fi kún un, èyí tí ẹ kò bá rántí pé ẹ fi síbẹ̀, ẹ yọ òun náà. Ìkìlọ̀ tó ń yọ nísàlẹ̀ yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ìkànnì kan ló bi yín ní “Allow” tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi irọ́ ránṣẹ́ sí yín. Ẹ lọ sí Settings Chrome, Privacy and security, Site settings, Notifications, kí ẹ yọ gbogbo orúkọ àjèjì tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí Windows Security yẹ gbogbo kọ̀ǹpútà wò. Full scan o, kì í ṣe Quick. Ó máa pẹ́. Tí ẹ bá sì ti wọlé sí báńkì lórí kọ̀ǹpútà yẹn láti ọjọ́ náà, ẹ fi fóònù pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà yín kí ẹ tó sùn lálẹ́ yìí.

Dèjì:
Ẹ ń gba ọ̀nà jíjìn jù. Firefox àtijọ́, ẹ̀dà 52 ESR, pẹ̀lú Flash àtijọ́. Ẹ gbé méjèèjì sí i, ó parí. Mo ṣe é rí.

Sísí Kẹ́mi:
Dèjì, o ti dé nìyẹn. Bùráúsà tí wọn kò fọwọ́ kàn láti 2018 lo fẹ́ gbé fún ọmọ ọdún márùn-ún? Àti pé wọ́n ti fi àsìkò sínú Flash tó jáde kẹ́yìn, láti ọjọ́ 12 oṣù kìíní 2021 kò ṣí nǹkan kan mọ́. Ìyẹn ni pé wàá tún wá èyí tó ṣáájú rẹ̀ kiri. Lọ́wọ́ ta lo ti fẹ́ rí i? Lọ́wọ́ irú àwọn tó ṣe màmá yìí báyìí náà ni.

Ìyá Tòmíwá, Ruffle ni kí ẹ lò. Kì í ṣe Flash. Àwọn èèyàn ló jókòó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kó lè máa ka fáìlì Flash, ọ̀fẹ́ sì ni. Internet Archive, ibi ìkówèésí orí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣí àwọn gémù Flash tó wà lọ́dọ̀ wọn ní oṣù kọkànlá 2020. Extension ni, kì í ṣe plug-in, ìyẹn ni pé pálọ̀ tí Bọ̀dá Láńre wí ló ń jókòó sí. Àlejò pálọ̀ náà lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé o, torí náà láti Chrome Web Store nìkan ni kí ẹ ti gbà á, ẹ má gbà á níbòmíràn.

Ibì kan wà tó máa kọ yín lẹ́sẹ̀. Fódà yín wà nínú kọ̀ǹpútà, Chrome kì í sì jẹ́ kí extension fọwọ́ kan fáìlì inú ilé láìgbàṣẹ. Ẹ kọ chrome://extensions síbi tí ẹ ti ń kọ àdírẹ́sì, ẹ tẹ Details lábẹ́ Ruffle, ẹ lọ sísàlẹ̀, ẹ ó rí “Allow access to file URLs”. Ẹ tàn án. Èmi fúnra mi lo ọ̀sán ọjọ́ kan gbáko kí n tó rí bọ́tìnnì kékeré yẹn. Tí kò bá ṣiṣẹ́ síbẹ̀, ẹ lọ sí ruffle.rs, ìkànnì àwọn tó ṣe Ruffle fúnra wọn, ẹ gba èyí tí wọ́n kọ Desktop sí, kí ẹ fi ṣí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .swf. Ìyẹn kò kan bùráúsà rárá.

Dèjì:
Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tèmi kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo yọ wáyà rẹ̀ pátá.

Sísí Kẹ́mi:
Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Alàgbà Adé:
Ẹ dákun, mo fẹ́ gbé tèmi lé e. DVR kámẹ́rà ilé wa ni, ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀. Tí mo bá kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú Chrome, ó ní kí n gba plug-in. Mo gbà á, mo fi sí i, ó tún ní kí n gbà á. Ìgbà mẹ́fà ni mo ṣe é lánàá.

Bọ̀dá Láńre:
Ẹ kú sùúrù, sà. Ti yín kì í ṣe Flash. Ó jọ pé ActiveX ni, irú plug-in tó jẹ́ pé Internet Explorer, bùráúsà àtijọ́ Microsoft, nìkan ló gbọ́ èdè rẹ̀, Internet Explorer sì ti kógbá sílé láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà 2022. Ṣùgbọ́n Microsoft fi yàrá kan sílẹ̀ fún un nínú Edge, wọ́n sì ní yàrá náà á ṣì wà títí di 2029, ó kéré tán. Ẹ ṣí Edge, Settings, Default browser, níbi “Allow sites to be reloaded in Internet Explorer mode” ẹ yan Allow, ẹ pa Edge, ẹ tún un ṣí. Ẹ wá fi àdírẹ́sì DVR sínú àwọn ojú-ewé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tí ọjọ́ 30 bá pé, ó máa gbàgbé, ẹ ó tún un fi síbẹ̀. Ẹ má rò pé ó bàjẹ́.

Kámẹ́rà nìkan ni kí ẹ máa fi yàrá yẹn wò, sà, ẹ má fi ṣe ohun mìíràn. Ẹ wò ó náà bóyá àwọn tó ṣe DVR ní áàpù fóònù, ó lè gbà yín lọ́wọ́ gbogbo èyí. Tí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ bá ṣì ni ẹ ń lò, ẹ yí i padà lónìí.

Tíṣà Bísí:
Díẹ̀ ni tèmi. Kí ẹ tó máa jà láti jí òkú, ẹ wò ó bóyá ẹni tó ṣe é ti ṣe òmíràn. PhET ti University of Colorado Boulder, tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, Java àti Flash ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti tún ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ sí HTML5, bùráúsà ń ṣí i láì bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún kéré fún púpọ̀ nínú wọn, àmọ́ Tòmíwá lè jàǹfààní rẹ̀.

Ìyá Tòmíwá:
Ẹ kú àdúrótì o, gbogbo yín. Full scan gba wákàtí mẹ́ta, ó bá nǹkan méjì, ó pa wọ́n. Ibi Notifications yẹn, ìkànnì mọ́kànlá ni mo bá níbẹ̀! Ọ̀kan kò sí nínú wọn tí mo mọ̀.

Ruffle, mo fi sí i, àpótí eérú náà kò kúrò, mo ti ń sọ pé Kẹ́mi náà ti purọ́ fún mi. Àṣé n kò tíì tan “Allow access to file URLs”. Mo tàn án, mo tún ojú-ewé ṣí, pẹ́pẹ́yẹ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka 1, 2, 3. Tòmíwá tó ní mo bà á jẹ́ gbọ́ orin rẹ̀ láti yàrá, ó sáré jáde. Méje ṣí nínú mẹ́sàn-án. Ọ̀kan ń dá dúró láàárín eré, ọ̀kan kò ṣe nǹkan kan. Orúkọ fáìlì èyí tó kẹ́yìn yẹn, .dcr ló parí sí.

Sísí Kẹ́mi:
Èyí tó ń dá dúró, ẹ jẹ́ kí Ruffle máa gba update, àwọn tó ń ṣe é kò tíì jókòó. Gémù Flash tí wọ́n fi ActionScript 3 kọ ló máa ń fún un ní wàhálà jù. Ti .dcr, Shockwave ni ìyẹn, kì í ṣe Flash. Adobe kógbá rẹ̀ sílé ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin 2019, Ruffle kò sì lè ṣí i. Ẹ wá orúkọ gémù náà nínú Flashpoint Archive, àkójọ àwọn gémù àtijọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, gémù ibẹ̀ ju 100,000 lọ, Shockwave náà wà níbẹ̀.

Ìyá Tòmíwá:
Mo ti wá a, kò sí níbẹ̀. Tòmíwá ní òun kò tiẹ̀ fẹ́ràn ìyẹn nígbà náà. Wọ́n ti ń fa àga mọ́ra wọn lọ́wọ́ nídìí pẹ́pẹ́yẹ báyìí, ẹ jẹ́ kí n lọ là wọ́n.