Màmá tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sunkún lórí ìtàgé

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ̀rọ̀ nípa olùkọ́ tó kọ́ mi ní eré orí ìtàgé. Mi ò ní dárúkọ màmá yìí torí wọn ò fẹ́ràn ariwo, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba kíláàsì wọn rí ní Sùúrùlérè á ti mọ ẹni tí mò ń sọ.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tíátà, àwọn ará àdúgbò ní wọ́n ti ya alárìnjó, bàbá wọn ò sì bá wọn sọ̀rọ̀ fún bí ọdún méjì. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn, pé Hubert Ògúndé, àgbà òṣèré tíátà Yorùbá fúnra ẹ̀, tó gbé eré wọ Glover Hall l'Ékòó lọ́dún 1944, obìnrin tó máa dúró ti eré ṣòroó rí fún un débi tó fi ń fẹ́ àwọn òṣèré ẹ̀ níyàwó. Wọ́n bá ẹgbẹ́ kan rin ìlú dé ìlú nínú lọ́rì, títí fídíò fi gbòde táwọn èèyàn ń jókòó sílé wòran, ni ẹgbẹ́ bá tú ká. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yà sídìí kíkọ́ ọmọ ní eré. Ẹni tí ò bá rówó san, wọn ò lé e rí.

Aṣọ ni mò ń tà ní Tejúoṣó nígbà tí mo débẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n gbé ọwọ́ lé mi níkùn, wọ́n ní, "Ọ̀fun lo fi ń sọ̀rọ̀, á ha kí eré tó dé ìdajì. Mí wálẹ̀ síbí." Wọn ò gba máíkì láàyè rárá. Wọ́n ti dúró lórí ìtàgé National Theatre ní Ìgànmú rí, gbọ̀ngàn tó gba nǹkan bí 5,000 èèyàn, wọ́n ní ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá náà sanwó wọlé.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ìgbà tí wọ́n fún mi ní ipa opó. Ọ̀rọ̀ mi ò ju "Ọkọ mi ti lọ" lọ. Mo sunkún gan-an lọ́jọ́ yẹn, omijé gidi, àwọn tá a jọ wà níbẹ̀ ti ń nu ojú, àfi bí màmá ṣe ní, "Ọkọ̀ wo ló lọ?" Ni gbogbo ilé bá pa rọ́rọ́. Wọ́n wá ṣàlàyé pé ẹkún máa ń fa ohùn wálẹ̀, tó bá ti fà á wálẹ̀ lórí "ọkọ," ọkọ̀ ló dà yẹn, ọkọ̀ tí wọ́n ń wà ní títì. Wọ́n fi ìka lu tábìlì, re re re re re, pé ọ̀rọ̀ yẹn ò ní òkè kò ní ìsàlẹ̀, pé kí n fi èjìká sunkún, kí n fi èémí sunkún, kó tó dé àti lẹ́yìn ẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má fọwọ́ kan ohùn ọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò sì dìde nídìí tábìlì yẹn. Kò sẹ́ni tó tíì fún ohùn mi ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

A ṣe eré yẹn ní Freedom Park, ní Broad Street níbi tí ẹ̀wọ̀n àtijọ́ wà, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn wa. Màmá ti lọ jókòó sórí àga tó gbẹ̀yìn, wọ́n ti sọ fún wa pé táwọn ò bá ti gbọ́, àwọn á gbé áńkáṣíìfù funfun sókè. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ mi kàn, ẹkún ti gbọ̀n mí jìgìjìgì, mo mí wálẹ̀, mo sọ ọ́. Mo wo ẹ̀yìn. Áńkáṣíìfù wà lójú wọn, wọ́n fi ń nu omi.