Ẹ̀yin olórin àti ẹ̀yin tí ẹ ń ya fíìmù ní Èkìtì, tí ẹ ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ẹlẹgbẹ́ yín, ẹ sọ tiyín

Láti Adó

Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ wa, Èkó àti òkè òkun nìkan ni wọ́n máa ń dárúkọ. Àwa náà ń ṣiṣẹ́ níbí, mo sì fẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu ara wa. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni o.

Obìnrin ni mí, obìnrin ni mo fẹ́ràn. Alámọ̀, orin ìbílẹ̀ àwọn obìnrin Èkìtì, kì í wọ́n lẹ́nu ìyá ìyá mi ní Ìjerò, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ohùn, tí wọ́n á já a lójijì kí elégbè tó gbà á. Ní 2020, Temmie Ovwasa gbé àwo orin kan jáde tó ti kọrin ìfẹ́ sí obìnrin láìfi bò. Mo gbọ́ ọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kọ tèmi.

Yàrá kan la ti gbà á sílẹ̀, fóòmù àlòkù ni wọ́n fi bo ògiri. A pa fáànù kí ariwo rẹ̀ má bàa wọlé, òógùn bò mí. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ń ki olólùfẹ́ mi, mo fi oríkì ẹ̀ pè é, oríkì tí ẹnikẹ́ni kì í sọ ọkùnrin. Bùrọ̀dá tó ń gba ohùn sílẹ̀ dá orin dúró. Àyà mi já. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "O kánjú pe orúkọ yẹn. Padà lọ pè é, kí o fà á dáadáa." Mo fà á. Títí dòní a ò sọ ju ìyẹn lọ, àwọn náà ni mo ṣì ń gbé orin mi lọ bá.

Láti Ìkọ̀lé

Kámẹ́rà ni iṣẹ́ mi. Òkú àgbà, ìgbéyàwó, ìwúyè, kò sí èyí tí mi ò kì í yà. Owó ibẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ fíìmù kúkúrú kan nípa ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ ń gbélé. Nígbà tí iṣẹ́ ku ọ̀la, òṣèré kan pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Wọ́n ní ẹ̀wọ̀n wà nínú ẹ̀."

Mi ò lè bá a jà. Òfin tí Ààrẹ Jonathan buwọ́ lù ní January 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ọkùnrin tó bá fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin tó bá fẹ́ obìnrin, àti ọdún 10 fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ yìí hàn ní gbangba. Nígbà tí Pamela Adie àti Uyaiedu Ikpe-Etim ṣe Ìfé, fíìmù nípa obìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn, ní 2020, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò fi ẹ̀wọ̀n kìlọ̀ fún wọn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé e gbà.

Èmi àti ẹni tí mo fẹ́ràn la bá bọ́ síbẹ̀. Mo yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ, a ò fojú hàn. Iyán la gún. Ọwọ́ wa, odó àti ọmọ odó méjì nìkan ni kámẹ́rà ń wò. Ẹni tó bá ti bá èèyàn gún iyán rí mọ̀ pé ẹ gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ fúnra yín: bí tìrẹ ṣe ń gòkè ni tèmi ń sọ̀. Nígbà tó yá, ó dúró, ó fi etí aṣọ nu òógùn apá mi kó má bàa kán sínú odó, ó sì gbé ọmọ odó ẹ̀ padà. Mi ò kọ ìyẹn sínú ìwé, òun ló sì gbé fíìmù náà.

Síbẹ̀, ó ń dùn mí. Ojú ẹ̀ rẹwà, ó yẹ kí àwọn èèyàn rí i.

Láti Ẹ̀fọ̀n

Tèmi ò gùn. Gángan ni mo ń lù, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá. Ní 2023, fíìmù tí Babatunde Apalowo ṣe nípa ọkùnrin méjì ní Èkó gba ẹ̀bùn Teddy, èyí tí wọ́n máa ń fún fíìmù nípa irú wa, níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin. Inú mi dùn kọjá àlà. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jámánì rí i wò, àwa tí wọ́n sọ ìtàn wa ń wá a kiri.

Ẹ̀gbọ́n Ìkọ̀lé, ṣé ìlù wà lábẹ́ iyán yẹn? Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ìró odó náà. Mi ò gba kọ́bọ̀.

Láti Ìkọ̀lé

Kò sí ìlù kankan níbẹ̀, àbúrò. Ẹ kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀, n ó fi ránṣẹ́. Tí ẹ bá ti gbọ́ ọ tán, ẹ pa á rẹ́ lórí fóònù yín, ẹ má sì fi orúkọ mi gangan pa nọ́ńbà mi mọ́.