Agunkẹ̀kẹ́ tó ń gba ìdíje ọlọ́jọ́ kan, ṣé ó lè gba Tour de France náà?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí èmi àti àbúrò mi ti ń fà á. Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, ló sọ mí di ẹni tó ń wo eré kẹ̀kẹ́ (ológeere ni mo ń wí o, kì í ṣe Márúwá). Ó gba Gent-Wevelgem, eré ọlọ́jọ́ kan ní Belgium, ní 2022, ó sì gba ìpele mẹ́ta nínú Tour de France 2024 (eré ńlá ilẹ̀ Faransé, ìpele kan lójúmọ́).

Ohun tó rú mi lójú nìyí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Paris-Roubaix, eré mìíràn ní Faransé, bíi 260 kìlómítà, òkúta ọ̀nà ibẹ̀ a sì máa gbo èèyàn jìgìjìgì. Ìpele 21 ni Tour de France, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, orí òkè ni wọ́n sì ti sábà máa ń mọ ọ̀gá. Àbúrò mi ní ẹni tó bá tóbi díẹ̀ ló ń rọ́wọ́ mú lórí òkúta, pé ẹni tó fẹ́ gun òkè gbọ́dọ̀ rù bí ọwọ̀n ìgbálẹ̀. Ó dáa. Tadej Pogačar, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ Slovenia, wá ńkọ́? Ó gba Tour of Flanders (eré ọlọ́jọ́ kan ní Belgium, tó ní òkúta lọ́nà) àti Tour de France ní 2025, ọdún kan náà, ó tún ṣe ipò kejì ní Roubaix!

Mathieu van der Poel, ọmọ Netherlands tó gba Roubaix léraléra láti 2023 dé 2025, tó bá dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù kó lè gun òkè, ṣé agbára ẹsẹ̀ yẹn ò ní bá a lọ? Ta ló tilẹ̀ ń pinnu eré tí wọ́n máa lé, agunkẹ̀kẹ́ ni àbí ẹgbẹ́ tó ń san owó oṣù rẹ̀? Ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé.