Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni mí, SS sì ni mí: ẹ fún mi nímọ̀ràn lórí ìwé kíkà

ỌmọÌlá_200L
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún kejì MBBS ni mo wà, ìdánwò Part One sì ti ń bọ̀ lókèèrè: anatomy, physiology, biochemistry. SS ni mí, ìyẹn ni pé mo ní fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn tá a jọ ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì máa ń kàwé mọ́jú, TDB ṣáá ni. Bí mo bá bá wọn ṣe é lálẹ́ méjì tẹ̀léra, eegun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, màá sì dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ní yàrá tá a ti ń gé òkú, orí ìdúró la máa ń wà. Gbọ̀ngàn tá a ti ń gba lẹ́kíṣọ̀ tutù bí inú fíríìjì. Ẹbí mi kan ti ní kí n yí lọ sí kọ́ọ̀sì tó rọrùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá, báwo lẹ ṣe kàwé? Kí ni kí n rà, kí ni kí n má náwó lé lórí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n gbàdúrà. Mò ń gbà á.

ÀgbàIlé
Àbúrò, má bínú sí mi, ẹbí rẹ yẹn ò parọ́. Part One kọ́ ni wàhálà. Ọdún mẹ́fà ni MBBS, house job ọdún kan tún wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí èèyàn ti ń wà lórí call láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí yóò sì tún máa báṣẹ́ lọ. AA ni mí, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi. Pharmacy ò burú. Public health ò burú.

DókítàẸ̀jẹ̀
Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò lè bá yín dé ibẹ̀ yẹn. Ẹni àkọ́kọ́ tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ̀wé jáde nípa fòníkú-fọ̀ladìde lára rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Walter Clement Noel lorúkọ rẹ̀, ọmọ erékùṣù Grenada tó ń kọ́ ìṣègùn eyín ní Chicago. James Herrick ló tẹ ìròyìn àìsàn rẹ̀ jáde ní 1910. Kò sí penicillin láyé ìgbà yẹn, kò sí oògùn hydroxyurea, òtútù Chicago sì nìyẹn. Noel parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà sílé, ó sì ń tọ́jú eyín àwọn èèyàn ní St. George's títí òtútù àyà fi pa á ní 1916, lẹ́ni ọdún 32. Mi ò ní sọ pé ìyà ò jẹ ẹ́ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ohun tó wà lọ́wọ́ wa lónìí ju tirẹ̀ lọ fíìfíì.

ỌmọÌlá, kó o tó béèrè ìwé tó o máa rà, ṣé o ní kíníìkì ẹ̀jẹ̀ tó o ń lọ nígbà tí ara rẹ bá le? Ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń rí, ìgbà tí kíráísì, ìyẹn ìrora líle tí SS máa ń fà, bá gbé wọn dé la máa ń mọ̀ wọ́n. Lọ forúkọ sílẹ̀ nísinsìnyí. Bi wọ́n léèrè nípa hydroxyurea. Ó máa ń mú kí ara túbọ̀ ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún máa ń ní, kíráísì á sì dín kù, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò lóòrèkóòrè, nítorí náà má lọ rà á ní kẹ́mísìtì fúnra rẹ. Folic acid àti oògùn tí wọ́n fún ọ láti fi dènà ibà, má fo ọjọ́ kan. Tó bá jẹ́ Èkó lo wà, Sickle Cell Foundation wà ní Ìdí-Àràbà, níwájú ilé ìwòsàn LUTH níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni omi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́ mu omi nítorí pé wọn ò fẹ́ máa jáde lọ tọ̀ láàárín lẹ́kíṣọ̀. Ìwọ ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Kíndìnrín ẹni tó jẹ́ SS kì í lè fa omi padà sára bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tó o fi ń tọ̀ púpọ̀. Tó o bá fi omi du ara rẹ, wàá ṣì máa tọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ á sì máa ki. Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kó o mu omi rẹ, kó o jáde nígbà tó bá wù ọ́.

Ibà tó ga, àyà tó ń dùn, èémí tó ń há: ìwé á dúró. Ilé ìwòsàn lọ́gán, kódà bí ìdánwò bá jẹ́ ọ̀la.

Àṣàkẹ́_500L
Mo ti ń dúró de irú ìbéèrè yìí. SS lèmi náà, mo ti kọjá Part One àti pathology (ẹ̀kọ́ nípa àìsàn), mi ò sì kàwé mọ́jú rí láti 300 level. Aago mọ́kànlá, mo ti sùn.

Jẹ́ kí n sọ nǹkan tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ní 200 level. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe TDB yẹn, wọn ò kàwé. Wọ́n ń wo ìwé ni. Wọ́n á fi báírò aláwọ̀ kun ojú ewé, wọ́n á tún un kà lẹ́ẹ̀kẹrin, á dà bíi pé ó ti wọlé. Ní 2006, Roediger àti Karpicke dán èyí wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún ìwé náà kà ló rántí jù. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé, tí wọ́n bi ara wọn léèrè, ló rántí jù. Èmi tí mi ò ní òru láti fi ṣòfò, èyí gan-an ló bá mi mu.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Tá a bá jáde ní lẹ́kíṣọ̀, mi ò ní ṣí nóòtì. Màá mú tákàdá òfìfo, màá kọ gbogbo ohun tí mo rántí sí i, kí n tó wá ṣí nóòtì wo ohun tó bọ́ sọnù. Brachial plexus, ìyẹn ìdìpọ̀ iṣan ìmọ̀lára tó lọ sí apá, màá yà á láti orí, màá pa á rẹ́, màá tún un yà. Ohun tó bá ń sá fún mi ni màá kó sínú áàpù Anki, kó máa bi mí léèrè lójoojúmọ́. Ọ̀fẹ́ ni lórí Android àti kọ̀ǹpútà, àwọn oní-iPhone ló ń sanwó. Past questions tún ńkọ́? Lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn 300 level lónìí.

Má ra gbogbo ìwé. Ìwé kan fún kọ́ọ̀sì kan, pẹ̀lú ìwé àwòrán anatomy kan tó dáa, àlòkù ni kó o rà. Àwọn tó ń lọ sí clinicals (ẹ̀kọ́ inú ilé ìwòsàn) máa ń tà á ní pọ́ọ́kú. Embryology, ẹ̀kọ́ bí ọmọ ṣe ń dàgbà nínú oyún, má fojú di í. Ní ti biochemistry, ibi tí wọ́n bá ti béèrè hemoglobin, tìrẹ nìyẹn, torí àyípadà ibẹ̀ ló fa SS: glutamic acid tó di valine ní ipò kẹfà. Ta ló máa mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ?

Ìdánwò steeplechase tún wà, tí aago á máa dún, tí ẹ ó máa sún láti orí tábìlì kan sí èkejì. Ìdúró ibẹ̀ á le fún ìbàdí rẹ. Kọ lẹ́tà sí sub-dean, kó o fi ìwé dókítà há a, kó tó di ọjọ́ náà. Èmi gba àga, kò sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní yàrá òkú náà, jókòó tó o bá ti rí ibi jókòó.

Nọ́ọ̀sìÒṣogbo
Ọmọ mi, gbọ́ tèmi. Súwẹ́tà kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú báàgì rẹ, ọyẹ́ dé o, ọyẹ́ ò dé o. Má fi omi tútù wẹ̀ láàárọ̀ nítorí pé o fẹ́ tètè dé kíláàsì. Sun sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Jẹun àárọ̀.

Èyí tó ká mi lára jù: má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́mísìtì tàbí nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì máa gún ọ ní abẹ́rẹ́ ìrora pentazocine. Ó máa ń pa ìrora lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń di bárakú. Mo ti rí àwọn ọmọ tí orí wọn pé dáadáa tí iṣan ọwọ́ wọn ti bàjẹ́ nítorí rẹ̀, tí wọ́n ń wá abẹ́rẹ́ kiri bí kíráísì ò tiẹ̀ sí. Kí ẹni tó bá máa fún ọ ní oògùn ìrora tó lágbára jẹ́ dókítà tó mọ̀ ọ́, nínú ilé ìwòsàn.

Káṣìmáawò
Ẹ tún sọ fún un pé tó bá dé pathology, gbogbo àìsàn inú ìwé ló máa rí lára ara rẹ̀. AA lèmi, kókó kékeré kan yọ sí mi lọ́rùn ní 400 level, mo ti ń ṣètò ìsìnkú mi. Ehín ló ń dùn mí.

ÀgbàIlé
Dókítà, mo gbà fún yín lórí ọ̀rọ̀ Noel. Àmọ́ ìṣègùn eyín ló ṣe, kì í ṣe call ilé-ìwòsàn wa. House job ṣì wà níbẹ̀.

DókítàẸ̀jẹ̀
Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n, ó sì le ju bó ṣe yẹ lọ fún gbogbo ènìyàn, èyí tó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Ṣùgbọ́n ọdún kan ni. Lẹ́yìn rẹ̀, radiology wà, pathology wà, psychiatry wà, public health tẹ́ ẹ dárúkọ náà sì wà fún dókítà.

ỌmọÌlá_200L
Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin àgbà, kódà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n máa lọ. Màá lọ kíníìkì lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, tí kíráísì bá wá dé lọ́jọ́ ìdánwò gan-an ńkọ́?

Àṣàkẹ́_500L
Má fi oògùn ìrora sára kó o jókòó ṣe é. Mo mọ ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, kò rántí ìbéèrè tó dáhùn. Lọ sí ilé ìwòsàn, kí déètì orí ìwé wọn jẹ́ ti ọjọ́ yẹn gan-an, kí ẹnìkan bá ọ mú un lọ sí ọ́fíìsì kí ìdánwò tó parí. Ìwé tó bá dé lẹ́yìn tí èsì ti jáde, ojú àwáwí ni wọ́n fi máa ń wò ó. Tí wọ́n bá ti ní lẹ́tà rẹ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ á rọrùn.

Ìwé àwòrán anatomy mi ṣì wà nílé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya díẹ̀. Tí o bá lè wá gbà á ní Ìbàdàn, kàn sí mi ní inbox, mi ò gba kọ́bọ̀.